Bí Ẹ Ṣe Lè Ra Ilé Tàbí Kí Ẹ Tà Á Láìjẹ́ Kí Ejẹ́ńtì Dá Yín Lágara

Ìbéèrè méjì ni àwọn èèyàn máa ń bi mí jù lọ. Àkọ́kọ́: “Ejẹ́ńtì ní kí n san owó kí òun tó mú mi lọ wo ilé, ṣé kí n san?” Ìkejì: “Ilé wa ti wà lọ́jà láti ọdún tó kọjá, ejẹ́ńtì mẹ́fà ló wà lórí ẹ̀, kò sẹ́ni tó mú oníbàárà gidi wá. Kí ni ká ṣe?” Mo ti ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ yìí. Mo wá pinnu láti kó gbogbo rẹ̀ síbi kan, kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ lè rí i kà. Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ ni mo mọ̀, ibẹ̀ náà ni ohun tí mo kọ yìí dá lé.

Kí ẹ fi ohun kan sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ: iṣẹ́ ejẹ́ńtì, ìyẹn alágbàtà, ni kó mú olùrà àti olùtà pàdé. Kì í ṣe òun ló máa bá yín yẹ ìwé wò, kì í sì í ṣe òun ló máa gba owó ilé. Ọjọ́ tí owó bá yí ọwọ́ padà lòun ń jẹun, nítorí náà ìkánjú tirẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Púpọ̀ nínú ìyà tí àwọn èèyàn ń jẹ lọ́wọ́ ejẹ́ńtì, ibi tí wọ́n ti jẹ́ kó ṣe ju iṣẹ́ yìí lọ ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ojú mi rí ní Ayọ̀bọ̀

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń wá ilé rà, ejẹ́ńtì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mú wa lọ sí ilé kan náà ní Ayọ̀bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni àkọ́kọ́ pè é ní mílíọ̀nù 38 náírà. Ẹnì kejì ní mílíọ̀nù 42. Ẹni kẹta, tó wọ ṣúùtù, ní mílíọ̀nù 45, ó sì ní kò ní ẹ̀dínwó.

Ìgbà kẹta yẹn ni mo tó wo ògiri ìta dáadáa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún ní ọ̀dà funfun. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ràn sí i láti ẹ̀gbẹ́, mo wá rí i pé àwọn lẹ́tà pupa kan ń yọjú lábẹ́ ọ̀dà náà. Mo sún mọ́ ọn, mo ń fi ìka tọ ojú lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ìyá kan tó ń ta èkuru lódìkejì títì ti ń wò mí láti ìgbà tí a ti dé. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má dá wọn lóhùn o. Àwọn ọmọ bàbá yẹn ṣì wà ní kóòtù.”

Kò sí ọ̀kan nínú ejẹ́ńtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó mọ ẹni tó ni ilé náà sójú. Ẹnì kan gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, kálukú sì ń lé owó tirẹ̀ lé e.

Ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀?

Oríṣi mẹ́rin lẹ máa bá pàdé.

- Ẹni tó kàwé iṣẹ́ náà, tó sì forúkọ sílẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń pè ní estate surveyor and valuer. ESVARBON ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, òfin 1975 ló dá a sílẹ̀. NIESV ni ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n máa ń kọ ESV síwájú orúkọ wọn. Ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì bi àjọ náà bóyá òótọ́ ni.
- Ilé-iṣẹ́ tó ní ọ́fíìsì. Ẹ lè wo orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Èkó, ẹ tún béèrè bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ LASRERA, àjọ tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé kalẹ̀ láti máa bójú tó iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀. Ìwé CAC kò sọ pé èèyàn jẹ́ olóòótọ́. Ohun tó sọ ni pé orúkọ náà wà, àti pé ẹ mọ ibi tí ẹ ti máa wá a.
- Ejẹ́ńtì àdúgbò. Kò ní ọ́fíìsì, fóònù àti pátákó ara ògiri ni ohun èlò rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ olóòótọ́ ju àwọn oníṣúùtù lọ, wọ́n sì mọ àdúgbò bí ẹní mowó. Mo ti bá irú wọn ṣe, mo sì dúpẹ́.
- Ejẹ́ńtì tó wà lábẹ́ ejẹ́ńtì. Òun ló ń ba ọjà jẹ́. Ó rí àwòrán ilé lórí WhatsApp ẹlòmíràn, ó fi owó lé e, ó sì gbé e sórí tirẹ̀.

Ìbéèrè kan ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, àwọn fúnra wọn sì mọ̀ ọ́n: “Ṣé dáírẹ́ẹ̀tì ni yín sí onílé?” Tí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kó fi lẹ́tà tí onílé fún un hàn yín. Tí kò bá sí lẹ́tà, ẹ jẹ́ kó pe onílé sórí fóònù lójú yín.

Tí ẹ bá ń ra ilé

1. Ẹ ṣírò gbogbo owó kí ẹ tó pe ejẹ́ńtì kankan. Iye tí wọ́n pe ilé kọ́ ni gbogbo owó. Owó alágbàtà ń bẹ, ìdá 5 sí 10 nínú 100 ni ọ̀pọ̀ ń béèrè. Owó lọ́yà ń bẹ, òun náà sábà máa ń wà láàárín ìdá 5 sí 10. Owó awọnlẹ̀, owó yíyẹ ìwé wò àti owó ìyọ̀ǹda gómìnà ṣì wà lẹ́yìn. Gbogbo rẹ̀ ló ní ìdúnàádúrà nínú, àfi ti ìjọba. Tí mílíọ̀nù 30 bá wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ejẹ́ńtì, ilé mílíọ̀nù 30 ló máa mú yín lọ wò, ẹ ó sì ti jẹ gbèsè kí ẹ tó gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Mílíọ̀nù 24 ni kí ẹ pè é fún un.

2. Orí fóònù ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bi í ní nǹkan wọ̀nyí kí ẹ tó wọ mọ́tò:

- Ta ló gbé iṣẹ́ náà fún yín?
- Ìwé wo ló wà lórí ilé: C of O (ìwé ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí), ìyọ̀ǹda gómìnà, gásẹ́ẹ̀tì (ìwé ìkéde ìjọba), àbí rìsíìtì ẹbí nìkan?
- Ṣé ẹnì kan ń gbé inú rẹ̀? Ayálégbé ni, àbí mọ̀lẹ́bí?
- Kí ló dé tí wọ́n fi ń tà á?
- Èló ni owó tiyín, ta ló máa san án, ìgbà wo?

Ẹni tó bá dáhùn ìbéèrè kejì pé “ìwé ẹ̀ pé, ẹ má ṣèyọnu” kò tíì dáhùn.

3. Owó kí wọ́n tó mú yín lọ wo ilé. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ rèé: tó bá jẹ́ ilé rírà, ẹ má san án. Ìdá 5 sí 10 tó ń retí ti tó fún wàhálà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ lè gbé e sínú mọ́tò yín, ẹ sì lè fún un lówó ọkọ̀ tí ẹ bá ti débẹ̀. Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni kí ẹ tó fojú kan ilé. Ẹ tún rò ó báyìí: ẹni tó ń gba 5,000 náírà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́wàá lóòjọ́ ti ń rówó gbà, kò pọn dandan fún un mọ́ kí ẹnikẹ́ni ra ilé. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa mú èèyàn lọ wo ilé tí wọ́n ti tà tipẹ́.

4. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì, kí ìkejì jẹ́ láìsí ejẹ́ńtì. Tó bá ṣeé ṣe, kó jẹ́ lẹ́yìn òjò ńlá. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri bóyá omi ti fi ìlà sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ géètì bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ẹ wò bóyá àwọn ará ilé kejì ti fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹnu ọ̀nà wọn ga. Lẹ́yìn náà, ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà ládùúgbò, kí ẹ sì jókòó díẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé “ṣé wọ́n ń ta ilé yìí?” Ẹ bi wọ́n pé “ilé ta nìyí?” Orúkọ tí wọ́n bá dá, ẹ fi wé orúkọ tí ejẹ́ńtì sọ.

5. Ẹ rí onílé. Ibí yìí ni ìjà máa ń wà. Ejẹ́ńtì kì í fẹ́ kí ẹ rí onílé, ẹ̀rù rẹ̀ sì ní ìdí: ọ̀pọ̀ wọn ti ṣiṣẹ́ fún oṣù púpọ̀, tí olùrà àti olùtà sì lọ parí ọ̀rọ̀ lẹ́yìn wọn láìfún wọn ní kọ́bọ̀. Ìwà burúkú nìyẹn, ẹ má ṣe é. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún mi ni pé mo máa ń kọ ìwé ìlérí fún un kí ó tó mú mi dé ọ̀dọ̀ onílé:

“Èmi …, mo jẹ́rìí pé … ló mú mi dé ilé tó wà ní nọ́ńbà …, òpópónà …. Tí mo bá ra ilé yìí, màá san ìdá … nínú 100 iye tí mo rà á fún un, lọ́jọ́ tí onílé bá fọwọ́ sí ìwé títà. Tí mi ò bá rà á, mi ò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan.”

Kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ kọ déètì sí i, kí kálukú mú ẹ̀dà kan. Ejẹ́ńtì gidi á gbà á tayọ̀tayọ̀. Èyí tí kò mọ onílé á bẹ̀rẹ̀ sí í bínú.

6. Ẹ yẹ ìwé wò. Ẹ má kánjú kọjá ibí. Lọ́yà tí ẹ fúnra yín wá ni kó ṣe é, kì í ṣe èyí tí ejẹ́ńtì mú wá, kì í sì í ṣe lọ́yà olùtà.

- *Sọ́fè*, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà. Kí awọnlẹ̀ tiyín lọ sórí ilẹ̀, kó mú nọ́ńbà igun rẹ̀, kó sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, olórí awọnlẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀. Aláúsá ló wà ní Èkó. Ní Ọ̀yọ́, ẹ lọ béèrè ní Sẹkitéríàtì Àgodì. Ní Ògùn, Òkè-Mọsàn. Ohun méjì ló máa sọ fún yín: bóyá sọ́fè tó wà lọ́wọ́ wọn jẹ́ ti ilẹ̀ yẹn gan-an, àti bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Mo mọ ẹnì kan tí sọ́fè rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ti ilẹ̀ kan tó wà ní òpópónà méjì síbi tó kọ́lé sí ni.
- *Ìwọ̀n.* Ní Èkó, pulọ́ọ̀tì kan sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní gígùn. Ní Ìbàdàn àti ọ̀pọ̀ ibi ní Ògùn, 50 ní ìbú, 100 ní gígùn ni. Ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta pulọ́ọ̀tì Èkó, nítorí náà ẹ má gbà á kí wọ́n kàn pe “pulọ́ọ̀tì kan” fún yín. Ẹ ta téèpù.
- *Excision*, ìyẹn ilẹ̀ tí ìjọba yọ sílẹ̀ fún abúlé. Kí orúkọ abúlé náà wà nínú gásẹ́ẹ̀tì, kí ilẹ̀ yín sì bọ́ sínú ààlà tí gásẹ́ẹ̀tì fún abúlé náà. Ejẹ́ńtì tó bá ní “excision ń lọ lọ́wọ́” ń sọ fún yín pé ọwọ́ ìjọba ni ilẹ̀ náà ṣì wà.
- *Ìwé ní Land Registry*, ọ́fíìsì tí ìjọba ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí. Kí lọ́yà yẹ̀ ẹ́ wò bóyá báńkì ló ni ín nídògò, tàbí bóyá ẹjọ́ ń bẹ lórí rẹ̀.
- *Tí onílé bá ti kú.* Àwọn ọmọ kò kàn lè jókòó kí wọ́n ta ilé bàbá wọn. Kí wọ́n mú ìwé tí kóòtù fi yan àwọn alábòójútó ohun-ìní rẹ̀ wá, kí gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ sì fọwọ́ sí ìwé títà.
- *Ilẹ̀ ẹbí.* Tí olórí ẹbí kò bá sí níbẹ̀, títà náà kò dúró rárá lójú òfin. Tí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí àwọn àgbà ẹbí yòókù, wọ́n lè gba kóòtù lọ kí wọ́n sì ní kí wọ́n fagi lé e.

7. Ẹ dúnàádúrà lẹ́yìn tí ìwé bá ti dáa. Ẹ̀yin àti onílé ni kí ẹ jọ sọ ọ́, kí ejẹ́ńtì wà níjòkòó. Ẹ rántí pé bí owó ilé bá ṣe ń lọ sókè ni owó tirẹ̀ náà ń pọ̀ sí i. Kò sídìí tí yóò fi bá yín jà kó wálẹ̀.

8. Àkáǹtì onílé ni kí ẹ san owó sí. Orúkọ tó wà lórí ìwé ilé ni kó wà lórí àkáǹtì. Ẹ má san án sí àkáǹtì ejẹ́ńtì, ẹ má san án sí ti “àbúrò Alhaji”, ẹ má sì kó owó sínú àpò lọ bá ẹnikẹ́ni. Tí wọ́n bá béèrè àsansílẹ̀ kí ìwé tó parí, kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n máa dá a padà tí ìwé kò bá dáa, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà.

Ohun tó gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì lọ́jọ́ ìsanwó:

- Ìwé títà tí lọ́yà kọ, ẹ̀dà mẹ́rin ó kéré tán
- Rìsíìtì tí iye owó wà nínú rẹ̀ ní fígọ̀ àti ní ọ̀rọ̀
- Ìwé ìdánimọ̀ onílé, kí ẹ fi wé ojú rẹ̀
- Ẹlẹ́rìí méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ kálukú
- Ojúlówó ìwé ilé, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì
- Kọ́kọ́rọ́ gbogbo

9. Lẹ́yìn ìsanwó. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́. Kí lọ́yà sì bẹ̀rẹ̀ ìyọ̀ǹda gómìnà lójú ẹsẹ̀, nítorí abala 22 òfin Land Use Act ti 1978 ló sọ pé ẹni tó ní C of O kò lè gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìsí ìyọ̀ǹda gómìnà. Ọ̀pọ̀ ló dúró síbi rìsíìtì, wọ́n ń retí ìgbà tí owó bá tún dé. Ọdún mẹ́wàá ti lọ, olùtà ti kú, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ sí ìwé fún wọn mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ta yín lólobó

- “Ẹnì kan ń bọ̀ wá san owó lọ́la.” Kó lọ san án.
- “Onílé wà lókè òkun, èmi ló fi gbogbo ẹ̀ lé lọ́wọ́.” Níbo ni power of attorney, ìwé àṣẹ tí onílé fún un, wà? Ẹ bá onílé sọ̀rọ̀ lórí fídíò kí ẹ rí ojú rẹ̀.
- “Ẹ má jẹ́ kí lọ́yà yín ba ọjà jẹ́.” Ẹni tó bá sọ èyí, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.
- “Ẹ kó owó ọmọ onílẹ̀ fún mi, màá bá yín yanjú ẹ̀.” Ẹ bá ẹbí sọ̀rọ̀ fúnra yín, ẹ gba rìsíìtì.

Tí ẹ bá ń ta ilé

Ẹni tó ṣíwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Nígbà tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń ta ilé bàbá wa ní Òkè-Àdó, n’Ìbàdàn, a fi í lé ejẹ́ńtì kan lọ́wọ́ láìkọ nǹkan kan sílẹ̀, torí ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá wa ni. Oṣù mẹ́rin ló fi ń sọ pé ọjà ò yá. Níkẹyìn ó ní òun rí olùrà ní mílíọ̀nù 18. Ó ti rẹ̀ wá, a gbà. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, olùrà náà, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó ka rìsíìtì náà tán pátá, ó wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún un kọ. Mílíọ̀nù 22 ni mo san.” Gbogbo pálọ̀ pa lọ́lọ́. Ejẹ́ńtì ń wo ilẹ̀. Mílíọ̀nù mẹ́rin ló lé e, ó sì tún fẹ́ gba ìdá 10 lọ́wọ́ wa. A kò fọwọ́ sí nǹkan kan títí ó fi dá owó náà padà.

Ìgbésẹ̀ tí à bá ti gbé rèé:

1. Kí gbogbo ẹni tó ni ilé fẹnu kò. Tí ẹnì kan nínú ẹbí kò bá fẹ́, ẹ parí ẹ̀ kí ejẹ́ńtì tó gbọ́. Ejẹ́ńtì tó bá mọ̀ pé ẹ ń jà á máa ta ẹ̀yin méjèèjì síra yín.

2. Ẹ mọ iye tó jẹ́. Ẹ san owó fún valuer, ẹni tó ń díye lé ilé, tó forúkọ sílẹ̀, tàbí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ta ilé ládùúgbò yẹn láìpẹ́. Iye tí wọ́n ń pe ilé lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni wọ́n ń tà á. Ẹ ṣọ́ra fún ejẹ́ńtì tó pe iye tó ga kó lè gba iṣẹ́, tí yóò wá máa fà yín wálẹ̀ lóṣooṣù. Ẹ ṣọ́ra bákan náà fún èyí tó fẹ́ kí ẹ tà á pọ́ọ́kú kí ọwọ́ rẹ̀ lè yára tẹ owó.

3. Ẹ kọ lẹ́tà fún ejẹ́ńtì. Kí nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀:
   - iye tí ẹ fẹ́, àti iye tí kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ láìsọ fún yín
   - ìdá tí ẹ máa san fún un, àti bóyá ó ń gba tiẹ̀ lọ́wọ́ olùrà pẹ̀lú
   - pé kò gbọ́dọ̀ fi owó kankan lé iye tí ẹ sọ
   - pé àkáǹtì yín ni olùrà máa san owó sí
   - oṣù mẹ́ta, kí lẹ́tà náà sì parí lọ́jọ́ yẹn fúnra rẹ̀

4. Ejẹ́ńtì kan, ó pọ̀ jù méjì. Èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè kejì. Ejẹ́ńtì mẹ́fà kì í mú oníbàárà mẹ́fà wá. Iye mẹ́fà ni wọ́n ń pe ilé kan náà, ẹni tó bá rí i á rò pé ìjà wà lórí ẹ̀, tàbí pé ẹ ti ń wá owó lójú méjèèjì, á wá dúró de ìgbà tí ẹ máa dín owó rẹ̀ kù. Tí ẹ bá ti wà nínú irú èyí, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé ilé ti kúrò lọ́jà, kí wọ́n yọ àwòrán rẹ̀. Ẹ sinmi fún oṣù kan, kí ẹ tó fún ẹnì kan ṣoṣo.

5. Fọ́tòkọ́pì nìkan ni kí ẹ fún wọn. Ẹ fi bírò kọ ọ́ gba àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan: “Fún àyẹ̀wò nìkan”, déètì, àti orúkọ ejẹ́ńtì tí ẹ fún. Tí ẹ bá rí ẹ̀dà náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́la, ẹ ti mọ ibi tó ti jò. Ojúlówó ìwé kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín tàbí lọ́wọ́ lọ́yà yín.

6. Ẹ béèrè ìròyìn lọ́sẹ̀ méjìméjì. Èèyàn mélòó ló wá, kí ni wọ́n sọ? Tí ẹnikẹ́ni ò bá wá, ejẹ́ńtì kò polówó ilé tó. Tí mẹ́wàá bá wá tí wọn kò padà, owó ilé tàbí ilé fúnra rẹ̀ ló nílò àtúnṣe.

7. Ẹ rí olùrà fúnra yín, kí ẹ sì bi í pé èló ni wọ́n pè é fún un. Àwa ò ṣe èyí. Ìbéèrè kan péré ni ì bá ti gbà wá.

8. Ẹ san owó ejẹ́ńtì lọ́jọ́ tí owó bá wọlé. Iye tí ẹ jọ sọ gan-an ni kí ẹ san, láìgé e kù. Òógùn ojú rẹ̀ ni.

Ẹ tún san owó iná àti Land Use Charge (owó orí ilé tí ìjọba ń gbà) tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó gbé ilé sọ́jà. Ọ̀pọ̀ ọjà ló ti bàjẹ́ lórí gbèsè kékeré tí kò sẹ́ni tó rántí.

Fún àwọn tó wà lókè òkun

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London àti Houston ni àánú yín máa ń ṣe mí jù, torí òógùn alẹ́ ni owó yín. Ẹ má fi gbogbo owó ránṣẹ́ sí ẹnì kan ṣoṣo, bó ti wù kó sún mọ́ yín tó. Ẹ yan lọ́yà kan, ẹ yan mọ̀lẹ́bí kan, kí wọ́n má sì jẹ́ ọ̀rẹ́ ara wọn. Ẹni tó lọ wo ilé kọ́ ni kó lọ yẹ ìwé wò. Kí ẹni tó bá lọ síbẹ̀ pè yín lórí fídíò láti ẹnu títì wọlé, kí ẹ rí pátákó òpópónà. Lójú lọ́yà ni kí owó wọ àkáǹtì onílé.

Tí nǹkan bá ti bàjẹ́

- Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́. Ẹ kó gbogbo ẹ̀rí ìsanwó jọ.
- Kí lọ́yà kọ lẹ́tà sí ejẹ́ńtì náà, kó fún un ní ọjọ́ méje.
- Ní Èkó, ẹ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun LASRERA. Tó bá jẹ́ ESV, ẹ kọ̀wé sí ESVARBON.
- Tó bá jẹ́ pé ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ ló tà fún yín, jìbìtì nìyẹn. Òfin Advance Fee Fraud ti 2006 mú un. Ẹ lọ bá ọlọ́pàá tàbí EFCC.
- Tí ọmọ onílẹ̀ bá fi tipátipá wọ ilé yín ní Èkó, òfin ààbò ohun-ìní ti 2016 wà fún un. Ẹ má lọ bá wọn jà fúnra yín.

Ẹ yára ṣe é. Owó tó bá ti kọjá oṣù kan lọ́wọ́ irú wọn kì í sábà padà pé.

Tí ẹ kò bá fẹ́ gba ọwọ́ ejẹ́ńtì rárá

Ọ̀nà wà. LSDPC ní Èkó àti Housing Corporation ní Ọ̀yọ́, àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń kọ́ ilé, máa ń ta ilé àti ilẹ̀ ní tààràtà, ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì wọn. Báńkì náà máa ń ta ilé tí àwọn tó yáwó lọ́wọ́ wọn kò lè san, ṣùgbọ́n kí lọ́yà yín rí i dájú pé kò sí ẹjọ́ lórí ẹ̀.

Èyí tó sì wúlò fún mi jù ni ìpàdé àwọn lánlọ́ọ̀dù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí àdúgbò tí kò ní, ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣe é ní Sátidé tàbí Sọ́ńdè kan lóṣù. Ẹ lọ bá alága tàbí akọ̀wé wọn, ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá, ẹ ra mínírà kéréètì kan dání. Wọ́n mọ ilé tí àwọn ọmọ ń jà lé lórí, wọ́n mọ èyí tí omi ń wọ̀, wọ́n sì mọ ìyá arúgbó tó fẹ́ tà kó lè lọ bá ọmọ rẹ̀ gbé, tí kò tíì sọ fún ejẹ́ńtì kankan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí ilé tí mo ti ń kọ èyí.